Gáàsì Éésì Ọkọ̀ Kì í Dédé Tán

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí ẹ̀rọ amúlétutù tí ń bẹ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní éésì: bí gáàsì inú rẹ̀ ti ń jò, bí a ti ń wá ojú ibi tí ó ti ń jò, àti bí a ti ń tún un ṣe. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn nínú yín ń wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ni èyí, pé kí ni ó kan àgbẹ̀ tàbí alájàpá. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń kó èrò àti ẹrù láti ìletò wa lọ sí ìlú ńlá. Ó ṣòro láti rí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní éésì nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní èbúté. Àwọn ọmọ wa ni ó ń wà wọ́n, àwọn ọmọ wa ni ó sì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń tún wọn ṣe. Owó tí ó bá ń ti ọwọ́ wọn bọ́ sọnù, owó ilé wa ni.

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn awakọ̀, òun ni pé gáàsì éésì máa ń tán gẹ́gẹ́ bí epo bẹntiróòlù ti ń tán. Nígbà tí éésì kò bá tutù mọ́, wọn a ní, "Gáàsì ti tán," wọn a sì lọ ra òmíràn sí i. Bí oṣù méjì bá kọjá, wọn a tún lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, èyí ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé bí ẹ kò tilẹ̀ rántí ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí n ó sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ti kan òrùlé kò lè mọ ibi tí ó ti ń jò. Gáàsì inú éésì jẹ́ ohun tí ń tètè hó. Omi inú ìkòkò kì í hó títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n gáàsì tí wọ́n ń pè ní R-134a, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń lò, máa ń hó ní ìwọ̀n 26 sí ìsàlẹ̀ òdo bí a bá tú u sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ lásán. Ohun tí ó bá sì ń hó, dandan ni kí ó fa ooru láti ibi tí ó wà. Bí ẹ bá da ògógóró díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ sì fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ọwọ́ yín yóò tutù kí ọtí náà tó gbẹ. Ọtí náà ni ó gbé ooru ara yín lọ. Báyìí gan-an ni gáàsì éésì ṣe ń gbé ooru inú ọkọ̀ jáde sí ìta.

Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ó ń fi bẹ́líìtì yí i. Òun ni ó ń ki gáàsì mọ́ra títí yóò fi gbóná, tí agbára rẹ̀ yóò sì pọ̀ nínú ọ̀pá. Láti ibẹ̀ gáàsì náà gba inú kọ̀ńdẹ́nsà kọjá, èyíinì ni ohun pẹlẹbẹ tí ó dúró níwájú rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lára, ooru rẹ̀ jáde, ó sì di olómi. Ó gba inú igò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dráyà, níbi tí èròjà kan ti ń mu ọ̀rinrin tí ó bá wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó dé ẹnu fáàfù tóóró kan, tí ó sì tú jáde sínú kóìlì tí ó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Níbẹ̀ ni ó ti hó, tí ó sì tutù, tí fáànù sì ń fẹ́ atẹ́gùn gba ara kóìlì náà wá bá wa níbi tí a jókòó sí. Nígbà tí ó bá parí èyí, ó tún padà sọ́dọ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀, ìrìn àjò rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, kò sí ibi kankan tí a ti ń jó gáàsì náà níná. Yíyí ni ó ń yí po bí ẹ̀jẹ̀ ti ń yí po nínú ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín nínú ara ènìyàn, a ó wá ọgbẹ́. Òótọ́ ni pé gáàsì díẹ̀díẹ̀ lè máa gba ara rọ́bà àti oríkèé ọ̀pá jáde láàárín ọ̀pọ̀ ọdún, àní nínú ọkọ̀ tí kò ní àrùn kankan. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá tán láàárín oṣù díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ihò ni ó gbà jáde.

Bí gáàsì bá ń jò, kì í ṣe gáàsì nìkan ni à ń pàdánù. Òróró kan wà tí a dà sínú ẹ̀rọ náà láti máa mú kí ara kọ̀mpírẹ́sọ̀ máa yọ̀. Òróró yìí kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi rìn fúnra rẹ̀. Gáàsì ni ó ń gbé e kiri tí ó sì ń dá a padà. Nígbà tí gáàsì bá dín kù, òróró kì í padà sí kọ̀mpírẹ́sọ̀ mọ́ bí ó ti yẹ, irin yóò sì máa ha irin. Awakọ̀ kan wà tí ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, òṣìṣẹ́ sì ni. Ìgbà márùn-ún ni ó ra gáàsì láàárín ọdún kan. Ní ìgbà kẹfà, kọ̀mpírẹ́sọ̀ gan pa, bẹ́líìtì já, èéfín sì yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, èérún irin ti kún inú ọ̀pá, ó sì ti dí kọ̀ńdẹ́nsà. Gbogbo rẹ̀ ni ó di ohun tí a ń pààrọ̀. Ohun tí ó sì bẹ̀rẹ̀ wàhálà yìí ni òrùka rọ́bà kan tí kò tóbi ju òrùka ìka ọwọ́ lọ, èyí tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Ǹjẹ́ báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé jíjò ni ó ń ṣe éésì? Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí kì í ṣe jíjò. Omi tí ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí éésì bá ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àrùn. Ìrì ni, tí ó gbára jọ sára kóìlì tútù bí òógùn ti ń yọ lára ife omi tútù, ọ̀nà rẹ̀ sì ni ó ń gbà jáde. Kàkà kí omi yìí dẹ́rù bà wá, ìgbà tí kò bá kán mọ́ tí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì ń rin ni ó yẹ kí a wá ìdí, nítorí ihò tí omi ń gbà jáde ti dí. Bí atẹ́gùn bá tutù ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ dáadáa, eruku ni ó dí asẹ́ tàbí fáànù ni ó rẹ̀. Bí ó bá ń tutù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, tí ó sì ń gbóná nígbà tí a bá dúró, ẹ kọ́kọ́ wo fáànù iwájú àti ìdọ̀tí ojú kọ̀ńdẹ́nsà. Bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ kò bá yí rárá, ó lè jẹ́ pé fíúùsì ni ó jó tàbí wáyà ni ó já. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé gáàsì ti dín kù jù, nítorí ṣíwíìṣì kan wà tí ń dá kọ̀mpírẹ́sọ̀ dúró nígbà tí agbára gáàsì bá lọ sílẹ̀, kí ó má baà gan. Àwọn kan a máa so wáyà yí ṣíwíìṣì yìí kọjá kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ lè máa yí tipátipá. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún yín ti pa ajá tí ń ṣọ́ ilé yín.

Àmì jíjò tòótọ́ ni pé òtútù náà ń dín kù láti ọjọ́ dé ọjọ́, pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń já, ó sì ń mú léraléra láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àti pé bí a bá fi géèjì méjèèjì sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ méjèèjì yóò lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ fetí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì tí ohun gbogbo sì fara balẹ̀, ní ọjọ́ tí ooru bá tó ìwọ̀n 30, géèjì yóò dúró ní nǹkan bí 95 sí 100 lórí òṣùwọ̀n tí fọ́kánáísà fi ń wọn táyà, èyíinì ni bí ìlọ́po mẹ́ta agbára tí ó wà nínú táyà ọkọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a rí iye yìí, wọn a sì ní gáàsì kún. Ó lè má kún. Ẹ rántí sílíńdà gáàsì ìdáná: iná rẹ̀ kì í rẹlẹ̀ nígbà tí ó bá dé ìdajì, àfi ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó tán pátápátá. Níwọ̀n ìgbà tí olómi bá ṣẹ́kù nínú ọ̀pá, géèjì kò lè sọ fún wa bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìwúwo nìkan ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, a ti gbà pé ó ń jò. Wíwá ihò náà ni iṣẹ́ gan-an, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fò kọjá. Ojú ni a kọ́kọ́ fi ń wá a. Mo ti wí pé òróró ń bá gáàsì rìn. Nítorí náà, ibi tí gáàsì bá gbà jáde, òróró díẹ̀ yóò bá a jáde, eruku yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí a sì rí ibi tí ó dúdú tí ó sì ń yọ̀ ní oríkèé ọ̀pá, nígbà tí gbogbo àyíká rẹ̀ gbẹ, a ti rí ẹni tí a fura sí. Ẹ wo iwájú kọ̀mpírẹ́sọ̀ níbi tí bẹ́líìtì ti ń yí i, nítorí rọ́bà tí ó dí ọ̀pá ibẹ̀ máa ń jẹ. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti fi irin di ọ̀pá rọ́bà mọ́ ọ̀pá irin. Ẹ wo ojú kọ̀ńdẹ́nsà, pàápàá ní ìsàlẹ̀, nítorí pé òun ni ó wà níwájú pátápátá, òkò ojú ọ̀nà tí kò tíì di ọ̀dà sì ni ó ń kọ́kọ́ bà á. Kí ẹ má sì gbàgbé ẹnu ibi tí a ti ń fa gáàsì sí i. Fáàfù kékeré bíi ti táyà wà nínú rẹ̀, a sì ní ìdérí tí ó yẹ kí ó wà lórí rẹ̀. Ó ya ni lẹ́nu bí ọkọ̀ tí kò ní ìdérí yìí ti pọ̀ tó.

Bí ojú kò bá rí i, a ó pe ọṣẹ. Kò sí ẹni tí kò tíì rí bí fọ́kánáísà ti ń ri túúbù sínú bàsíà omi tí ó sì ń wá ibi tí omi ti ń hó. A kò lè ri ọkọ̀ sínú bàsíà, ṣùgbọ́n a lè po ọṣẹ mọ́ omi kí ó ki díẹ̀, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún mọ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní sùúrù. Ihò kékeré kì í hó lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, agbára gáàsì ní apá tí ó tutù a máa lọ sílẹ̀, ti apá tí ó gbóná a sì máa ga. Nígbà tí a bá pa á, ti apá tútù yóò gòkè. Nítorí náà, ẹ kun apá tútù ní ọṣẹ nígbà tí a bá pa ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì yẹ apá gbígbóná wò kété tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á, nígbà tí agbára ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki búrọ́ọ̀ṣì sí ìdí bẹ́líìtì tí ń yí lọ́wọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni ti aró. Àwọn oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ a máa fa aró díẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, yóò sì bá òróró rìn kiri. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí a ti wa ọkọ̀ náà, wọn a fi iná aláwọ̀ àlùkò kan tàn án wò nínú òkùnkùn, ibi tí ó bá sì ti ń jò yóò máa tàn yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ bí ìtànná koríko tútù. Ẹ̀rọ kan tún wà tí a ń mú lọ́wọ́ tí ń gbọ́ òórùn gáàsì, a sì máa han nígbà tí ó bá gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lò ó, kí ó mú un gba abẹ́ ọ̀pá lọ, kì í ṣe òkè, nítorí gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ni ó sì ń lọ. Kí ó má sì lò ó níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Èyí tí ó le jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni kóìlì ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí a kò lè fojú rí i. Ewé àti eruku a máa gba ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú wọlé, wọn a sì máa jẹrà sí i lára nínú ọ̀rinrin títí irin rẹ̀ yóò fi jẹ. Bí a bá rí òróró tàbí aró ní ẹnu ihò tí omi ń gbà jáde, tàbí bí ẹ̀rọ agbóòórùn bá han ní ojú ihò atẹ́gùn inú ọkọ̀ lẹ́yìn tí a ti pa ohun gbogbo fún bíi wákàtí kan, kóìlì ni. Títú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa pọ̀. Nítorí èyí, kí a má ṣe dá a lẹ́bi láìní ẹ̀rí.

Nígbà tí gáàsì bá ti tán pátápátá, kò sí ohun tí yóò mú ọṣẹ hó. Nígbà náà ni oníṣẹ́ yóò fi gáàsì náítírójìn gbígbẹ kún inú ọ̀pá láti fi dán an wò. Náítírójìn ni mo wí, kì í ṣe ọ́síjìn tí àwọn ajórin ń lò. Ọ́síjìn tí a fi agbára tẹ̀ mọ́ òróró lè bú gbàmù kí ó sì pa ẹni tí ó dúró tì í. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí ń fa gáàsì ìdáná sínú éésì ọkọ̀ nítorí pé ó dínwó, ó sì ń tutù. Òótọ́ ni pé ó ń tutù. Ṣùgbọ́n bí kóìlì bá ń jò, inú ọkọ̀ tí a ti gíláàsì rẹ̀ mọ́, níbi tí ìyá àti ọmọ jókòó sí, ni gáàsì náà yóò kún sí, ìṣáná kan péré ni ó sì kù. Èmi kò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pe èyí bí kò ṣe ìwà ìkà.

Ayédèrú gáàsì náà kò ṣeé fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ní ọdún 2011, àwọn ẹ̀rọ òtútù tí ó wà lára àpótí ẹrù ojú omi bú ní Vietnam àti ní Brazil, àwọn òṣìṣẹ́ sì kú. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, a rí i pé ẹnìkan ti fi gáàsì mìíràn tí ó dínwó ṣe àdàlù R-134a, gáàsì yìí sì ti bá irin alumíníọ̀mù inú ẹ̀rọ náà jà títí ó fi di ohun tí ń gbiná fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá kan afẹ́fẹ́. Alumíníọ̀mù kan náà ni ó pọ̀ jù nínú éésì ọkọ̀. Ẹ ra gáàsì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ilé ìtajà rẹ̀.

A ti rí ihò. Ó ku àtúnṣe. Kí oníṣẹ́ tó tú oríkèé kankan, kí ó fi ẹ̀rọ fa gáàsì tí ó kù sínú sílíńdà tí a pèsè fún un, kí ó má ṣe tú u dànù sínú afẹ́fẹ́. Kí ó fi awò bojú, kí ó sì wọ ìbọ̀wọ́, nítorí gáàsì olómi tí ó bá ta sí ojú lè fọ́ ọ nípa òtútù bí iná ti lè fọ́ ọ nípa ooru. Kí ó má sì tan iná nítòsí, nítorí gáàsì tí ó bá kan iná máa ń di èéfín olóró. Òrùka rọ́bà tí ó ti gan ni kí ó yọ kúrò, kí ó fi tuntun tí ó bá irú gáàsì náà mu rọ́pò rẹ̀, kí ó sì fi òróró éésì pa á kí ó tó dè é. Ọ̀pá rọ́bà tí ó ya, kọ̀ńdẹ́nsà tí òkò lu, pípààrọ̀ ni ó dára jù. Àwọn kan ń ta oògùn tí wọ́n ní yóò dí ihò láti inú wá. Nínú èrò tèmi, kí ẹ yàgò fún un, nítorí ohun tí ó lè dí ihò tí kò yẹ kí ó wà lè dí ẹnu fáàfù tí ó yẹ kí ó wà pẹ̀lú. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ṣí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ pààrọ̀ dráyà, nítorí ó ti mu ọ̀rinrin yó.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí àwọn tí ń kánjú máa ń fò. A ní láti fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá jáde fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, kí ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà òjò. Nígbà tí kò bá sí afẹ́fẹ́ mọ́, omi tí ó wà nínú ọ̀pá yóò hó láìsí iná, yóò sì bá ẹ̀rọ náà jáde. Omi tí a bá fi sílẹ̀ yóò di yìnyín ní ẹnu fáàfù, éésì yóò máa tutù, yóò máa dáwọ́ dúró. Bí ó bá sì pẹ́, yóò bá gáàsì àti òróró di ohun kíkan tí ń jẹ irin. Nígbà tí a bá fa afẹ́fẹ́ tán, kí a ti géèjì, kí a sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 mìíràn. Bí ọwọ́ géèjì bá gbéra kúrò ní ibi tí ó wà tí ó sì ń gòkè, ihò ṣì kù tàbí ọ̀rinrin ṣì wà. Kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ dúró tì í kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí i. Bí ó bá dúró gbọnin, kí a dá òróró tí ó bá òróró tí ó jò mu padà, kí a sì fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì sí i gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń gba nǹkan bí gíráàmù 400 sí 700. Àpọ̀jù rẹ̀ kò dára ju àìtó lọ, nítorí ó ń mú kí agbára inú ọ̀pá ga jù, olómi sì lè wọ inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ kí ó sì fọ́ ọ.

Ìwé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí tún ṣe pàtàkì nítorí pé gáàsì kì í ṣe ẹyọ kan. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, R-12 ni ó wà nínú ọkọ̀. Ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ lè gòkè lọ pa aṣọ òfuurufú lára, èyí tí ń gba ìtànṣán oòrùn tí ó lè pani dúró lórí wa. Ní ọdún 1985 àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé aṣọ náà ti fẹ́lẹ́ gidigidi lókè Antarctica. Àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Montreal ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1988. R-134a tí ó rọ́pò rẹ̀ kò pa aṣọ òfuurufú lára, ṣùgbọ́n kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju kílò kan gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,430. Nítorí èyí ni wọ́n fi tún pàdé ní Kigali ní ọdún 2016 láti dín in kù. Láti ọdún 2017, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbọdọ̀ lò ó mọ́, R-1234yf ni ó sì wà nínú púpọ̀ wọn. Àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá wa dé ìhín, láti Èkó àti láti Kútọnu. Gáàsì tuntun yìí lè gbiná díẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, kí ẹ má ṣe wí fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fa gáàsì sí i." Ẹ wí pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wá ibi tí ó ti ń jò." Ẹ bèèrè pé kí ó fi ihò náà hàn yín, kí ó kó ohun tí ó bá yọ jáde fún yín, kí ó sì kọ iye gíráàmù tí ó fà sí i àti ọjọ́ tí ó fà á sínú ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa fi sínú ọkọ̀. Bí ẹ bá fi tẹmọ́mítà sí ojú ihò atẹ́gùn àárín, tí ẹ sì ti gbogbo fèrèsé, ó yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 5 sí 12 lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ooru ọjọ́ náà bá ti rí. Ẹ kọ èyí náà sílẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá kọjá, ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Mo ti gbé géèjì kan àti àwọn òrùka rọ́bà mélòó kan wá, ògbólógbòó àti tuntun, wọ́n wà lórí tábìlì yìí. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ súnmọ́ iwájú kí wọ́n fọwọ́ kàn wọ́n, kí ẹni tí ó bá sì ní ìbéèrè nawọ́ sókè.